Ẹ́ńjìnì Àjèjì Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Bí ènìyàn bá ń rin ìrìn-àjò kọjá nínú ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá, yálà Ìbàdàn ni o, yálà Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, kò ní ṣàìrí ọgbà mẹkáníìkì lẹ́bàá títì. Nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, igi mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi orí kọ́ ara wọn, tí ṣéènì yóò rọ̀ láàárín wọn, tí ẹ́ńjìnì kan yóò sì so kọ́ sára ṣéènì náà bí ẹran tí alápatà gbé kọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ kan ti la ẹnu sílẹ̀, tí kò sí ohunkóhun nínú ikùn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnì tí ó wà lókè yẹn kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ bí mọ́ ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́ wá, kí ó lè rọ́pò èyí tí ó ti kú. Ìpààrọ̀ yìí gan-an ni ètò ti òní fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ òfin ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn sì ni pẹ̀lú.

Ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò fara sin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 náírà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, náírà sì já wálẹ̀ gidigidi. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń fojú sọ́nà láti rà wá di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó mọ́. Ẹni tí ó bá ti ní ògbólógbòó ọkọ̀ kan nílé di í mú gírígírí bí ẹni tí ó jìn sí kànga ti í di okùn mú.

Ká fi olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní Peugeot 504 kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní ọdún 1975. Owó tí ìjọba yá a ni ó fi rà á. Ọkọ̀ yìí ni ó fi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, òun náà ni ó sì fi kó àpótí àwọn ọmọ lọ sí yunifásítì. Wàyí o, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà ń dún kó-kó-kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, èéfín aró sì ń tú jáde ní sàlẹ́ńsà rẹ̀. Mẹkáníìkì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó mi orí, ó sì fi àkísà nu ọwọ́.

“Bàbá Tíṣà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ́ńjìnì Toyota tòkunbọ̀ kan ń bẹ ní Ládípọ̀ tí yóò gbé ọkọ̀ yìí sáré. Bí ẹ bá fún mi ní owó lónìí, lọ́jọ́ Àìkú tí ń bọ̀ òun ni ẹ ó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ṣé yóò wọ inú rẹ̀?”

“Yóò wọ̀ ọ́, bàbá. Ibi tí kò bá jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́, a ó gé e.”

Ìdáhùn ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí ó ta bàbá jí. Kí ẹ́ńjìnì wọ inú ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó bá ọkọ̀ mu, ọ̀tọ̀ ni. Bí irin bá ti rí ayùn, tí jórin-jórin kan sì wà nítòsí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ́ńjìnì tí wọn kò lè fi tipátipá kì bọ inú ọkọ̀. Ohun tí ó ṣòro ni kí gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ yòókù lè gba àlejò náà, kí wọ́n sì lè bá a gbé.

Àwọn kan tí ó kàwé a máa rò pé iṣẹ́ àwọn aláìmọ̀kan ni fífi ẹ́ńjìnì kan rọ́pò òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1932, Frank Perkins dá ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní ìlú Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ tí wọ́n pè ní P6 jáde ní 1937, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ akẹ́rù sì yọ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kúrò nínú lọ́rí wọn kí wọ́n lè fi P6 sí i, nítorí pé epo tí dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ kéré sí ti bẹntiróòlù. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì sọ ẹni tí ó ṣe é di olókìkí. Ṣùgbọ́n nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti jókòó wọn ọkọ̀, ó ti wọn ẹ́ńjìnì, ó sì ti ya àwòrán irin tí yóò so méjèèjì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ayùn.

Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni rìnrìn àjò lọ sí Ládípọ̀, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: ṣé èyí tí ó wà nílẹ̀ kú lóòótọ́? Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnì Peugeot 504 ti ro tẹ́lẹ̀ pé yóò gbó. Ihò mẹ́rin tí àwọn písítínì rẹ̀ ń lọ sókè sódò nínú wọn kì í ṣe ihò tí wọ́n kàn lu sára irin ẹ́ńjìnì. Sílíífù ni wọ́n ki bọ̀ ọ́, ìyẹn ọ̀pá irin oníhò mẹ́rin tí omi rédíétọ̀ ń ṣàn yí ká. Bí sílíífù bá jẹ, ó ṣeé fà yọ, wọn a sì ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítínì àti ríǹgì tuntun, láìjẹ́ pé wọ́n gbé ẹ́ńjìnì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lu ihò rẹ̀ fẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èéfín aró tí bàbá rí lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ríǹgì àti sílíífù lásán. Bí ó bá jẹ́ pé kíráńkì ni ó ṣẹ́, tàbí pé ara ẹ́ńjìnì ti sán tí omi ń bá epo pò pọ̀, nígbà náà ni a lè sọ pé òkú ti sùn. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ náà kì í ṣe ọmọ tuntun. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀ ní òkè òkun ni ó ti wá. Kò sí ẹni tí ó wà ní ọjà tí ó lè sọ iye kìlómítà tí ó ti sá, tàbí bóyá ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìpààrọ̀ kò ṣeé yẹ̀, ìbátan ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Ẹ́ńjìnì Peugeot ní ìran. Peugeot 403 tí ó jáde ní 1955 lo ẹ́ńjìnì 1468 cc. Nígbà tí 404 dé ní 1960, wọ́n mú irú ẹ́ńjìnì kan náà tóbi dé 1618 cc, wọ́n sì dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè rẹlẹ̀. Ní 1968 ni 504 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1796 cc. Láti 1970 wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ sí 1971 cc. Ẹ́ńjìnì 1971 cc yìí ni wọ́n tún fi sínú púpọ̀ nínú 505 tí ó jáde ní 1979. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ẹ́ńjìnì 1971 cc ti 505 sínú 504 kò gbé àlejò wọlé. Ọmọ ìyá ni ó pè wálé. Ibi tí wọ́n ti ń dè é jọra, gíábọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n, mẹkáníìkì tí ó ti tú ọ̀kan rí kò ní ṣi òmíràn tú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 404 ni ó pẹ́ láyé nítorí pé wọ́n fi ẹ́ńjìnì àbúrò wọn sí wọn nínú.

Ti Toyota yẹn yàtọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti le. Nínú Peugeot 504, ẹ́ńjìnì wà níwájú, ó na òòró láti iwájú sí ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì ń yí ọkọ̀. Ọ̀pá tí ó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn kò sí ní ìhòòhò bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Inú páìpù irin gbọọrọ kan ni ó wà, wọ́n sì de páìpù náà mọ́ ìdí gíábọ́ọ̀sì níwájú, wọ́n dè é mọ́ ẹ̀rọ tí ń pín agbára fún ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn. Gíábọ́ọ̀sì àti ìdí ọkọ̀ wá di ọ̀kan. Bí mẹkáníìkì bá yọ gíábọ́ọ̀sì Peugeot tí ó fi ti Toyota sí i, kò sí ibi tí yóò de páìpù náà mọ́. Àfi kí ó tú gbogbo ìdí ọkọ̀ palẹ̀, kí ó sì wá ìdí mìíràn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì Peugeot ni yóò dá padà sí àyè rẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n gé pẹrẹsẹ irin kan tí yóò wà láàárín ẹ́ńjìnì Toyota àti gíábọ́ọ̀sì náà, tí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá ti Toyota mu, tí ihò ẹ̀gbẹ́ kejì sì bá ti Peugeot mu. Àárín pẹrẹsẹ yìí gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa jẹ, béárìn gíábọ́ọ̀sì yóò máa pariwo, bàbá yóò sì máa ná owó lóṣooṣù láìmọ ibi tí àrùn wà. Iṣẹ́ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin ni, kì í ṣe iṣẹ́ ayùn àti ojú lásán.

Èyí tí a sọ yìí, ẹ́ńjìnì tí ó na òòró ni, irú èyí tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì Hiace. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnì Corolla àti Camry tí ó kún ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbú ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí nínú ọkọ̀ wọn, ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n sì ń yí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú rẹ̀ sínú 504 ń fi aṣọ ọmọdé wọ àgbàlagbà. Kí bàbá béèrè èyí kí ó tó yọ owó lápò.

Ooru ni ó tẹ̀ lé e. Nínú epo tí ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù bá jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ó di agbára tí ń ti ọkọ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá kan bá sàlẹ́ńsà jáde, ìdá tí ó kù sì di ooru tí omi àti atẹ́gùn gbọ́dọ̀ gbé kúrò. Ẹ́ńjìnì tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ sí i, ooru rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí rédíétọ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́, tí ìdajì ihò rẹ̀ sì ti dí, ọkọ̀ náà yóò máa rìn dáadáa ní òwúrọ̀, yóò sì hó bí ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí ó bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án. Àwọn tí ó lo ọkọ̀ ìjàpá ti Volkswagen yóò rántí pé atẹ́gùn nìkan ni ó ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì náà sì wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ́ńjìnì olómi sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti wá àyè fún rédíétọ̀ nínú ilé tí wọn kò kọ́ yàrá rédíétọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n bí ooru bá ba ẹ́ńjìnì jẹ́, owó ni yóò gbà. Bíréèkì ni ó lè gba ẹ̀mí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì mọ̀ pé agbára tí ó wà nínú ohun tí ń sáré kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀. Ìlọ́po eré náà pẹ̀lú ara rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Ọkọ̀ tí ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ó bá bọ́ sí 140, eré rẹ̀ ti di 1.4 ti àkọ́kọ́. 1.4 lọ́nà 1.4 jẹ́ 1.96. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kí ọkọ̀ tó dúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ kò di méjì, páàdì bíréèkì kò sì nípọn sí i. Ooru ni bíréèkì ń sọ agbára náà dà. Nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, páàdì kì í mú mọ́, awakọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ̀ yóò sì máa lọ. Bàbá tí ó ti ń wa 504 rẹ̀ jẹ́jẹ́ fún ogún ọdún lè má fẹ́ sá eré. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni yóò máa wà á. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò gbà á ní ọjọ́ kan lọ sí Èkó, yóò fi ẹsẹ̀ kan tọ́rọ́tù díẹ̀, yóò rí i bí ọkọ̀ ti fò, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Inú bàbá ni ó yẹ kí ó má dùn. Ẹni tí ó bá fi ẹ́ńjìnì alágbára sínú ọkọ̀ àtijọ́ tí kò sì náwó lé bíréèkì, táyà àti ṣọ́ọ̀kì, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe, ìdajì tí ó sì fi sílẹ̀ ni ó léwu jù. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ni ó fi sí i, ìwúwo rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Sípíríǹgì iwájú yóò rọ̀, iná ọkọ̀ yóò máa wolẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ní ìlú Cape Town, oníṣẹ́-abẹ Christiaan Barnard yọ ọkàn ẹnì kan tí ó ti kú, ó sì gbé e sí àyà Louis Washkansky. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Ọkàn náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fi ń dá ara dúró kí ó má baà kọ ọkàn àlejò náà ti sọ ara di aláìlágbára, àrùn ẹ̀dọ̀fóró sì pa ọkùnrin náà ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ọkàn tuntun náà ń lù kì-kì dé òpin. Mẹkáníìkì tí ó bá ń fi ariwo ẹ́ńjìnì yangàn pé iṣẹ́ òun ti yọrí, ẹ jẹ́ kí ó rántí èyí.

Ní ti àwọn ẹ́ńjìnì tí ó jáde lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìṣòro mìíràn tún wà tí kò sí nígbà ayé kabúrétọ̀. Wọn kì í dá ronú. Àpótí kékeré kan tí àwọn rìwáyà ń pè ní bréènì bọ́ọ̀sì ni ó ń sọ fún wọn ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ da epo àti ìgbà tí pílọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ tan iná. Ẹni tí ó bá ra ẹ́ńjìnì láìra àpótí yìí àti gbogbo wáyà tí ó so mọ́ ọn, òkú ni ó rà. Kódà bí ó bá rà á, àpótí náà lè máa retí ìròyìn láti ara kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kí ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbiná.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń mọ ọkọ̀ kan: nọ́ńbà ara ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣásíìsì, àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì. Méjèèjì ni ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ti ara ọkọ̀ kì í yí padà. Òun ni ó fi hàn pé Peugeot bàbá ṣì jẹ́ Peugeot bàbá bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ́ńjìnì mẹ́wàá sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ti yí padà, ìwé ti ń purọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tún un kọ ní ọ́fíìsì tí ó ń fún ọkọ̀ ní ìwé. Ọlọ́pàá tí ó bá dá bàbá dúró ní ojú ọ̀nà, tí ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, tí ó rí nọ́ńbà tí kò sí nínú ìwé, kò mọ̀ pé olùkọ́ ni. Ohun tí ó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n jí ọkọ̀ kan tú palẹ̀. Kò sì sí ẹ̀sùn nínú pé ó rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ni ó dé ọjà láti ọwọ́ olè. Nítorí náà, rìsíìtì tí ó ní orúkọ ẹni tí ó tà á àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà lára gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ bàbá kí ó tó kúrò ní ọjà. Bí ẹni tí ń tà bá sọ pé òun kì í kọ nọ́ńbà sínú rìsíìtì, kí bàbá kọjá sí ìsọ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Bákan náà ni ilé iṣẹ́ adójútòfò. Bí wọn kò bá mọ̀ nípa ìyípadà náà, ó lè di àríyànjiyàn ní ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ yẹn kì í sì í ṣe ọjọ́ àríyànjiyàn.

Bí gbogbo èyí bá ti wà létòlétò, ó ku ìdánwò. Kì í ṣe kí mẹkáníìkì tan ẹ́ńjìnì, kí ó tẹ̀ ẹ́ kó ké ramúramù, kí ó sì na ọwọ́ fún ìyókù owó rẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ìdúró pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn fún ìdajì wákàtí nínú oòrùn, kí wọ́n wo bóyá omi rẹ̀ yóò hó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e jáde, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin nínú rẹ̀, gba orí òkè kan tí ó ga, kí wọ́n sì tẹ bíréèkì rẹ̀ léraléra bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 500 kìlómítà, kí gbogbo bóòtì tí ó de ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ tún gba sípánà, nítorí pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì àjèjì a máa tú wọn.

Bàbá Tíṣà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣí owó tí ó ká sápò, ó kà á, ó sì tún ká a padà.

“Ọmọ mi,” ni ó wí fún mẹkáníìkì, “jẹ́ kí ayùn yẹn sinmi ná. Kọ́kọ́ tú orí ẹ́ńjìnì àtijọ́ yìí, kí a jọ wo sílíífù rẹ̀.”